Ohun Tó Wà Nínú Báàkẹ́ẹ̀tì

"Kọ ọ́ pé òòyì ló kọ́ màmá yẹn. Kọ ọ́ pé kò jẹun wá síbi iṣẹ́."

Alábòójútó àwọn agbálẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó sì gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó. Sáyẹ́ǹsì di bírò mú lórí bébà tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn agbálẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Sáyẹ́ǹsì, nítorí ọdún kan ló kù kó parí ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì nígbà tí àìsàn bàbá rẹ̀ dá a padà sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, alábòójútó yìí kan náà ló da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé bílíìsì nínú báàkẹ́ẹ̀tì kan. Ó ní méjì lágbára ju ẹyọ kan lọ. Sáyẹ́ǹsì ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé." Alábòójútó ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, àgbà gbogbo wọn, gbé báàkẹ́ẹ̀tì náà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Sáyẹ́ǹsì ló wọ́ ọ jáde, tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Ọ̀gá, dókítà ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ mọ ohun tí màmá fà símú."

"Ohun tí mo ní kó o kọ náà ni. Ọmọ mélòó lo ní?"

"Méjì, sà."

"Ebi lo fẹ́ fi pa wọ́n? Èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́ o."

Sáyẹ́ǹsì wo fèrèsé, irin ló wà níbẹ̀.  Ó rántí bí olùkọ́ kẹ́mísìrì wọn ṣe máa ń sọ pé àwọn èròjà kan a para pọ̀, àwọn kan a tú ká, àwọn kan a gba ipò ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń sọnù. Iye tó wọlé ni yóò jáde.

Ó tẹ orí ba, ó kọ ọ́:

NaOCl + 2HCl → NaCl + H₂O + Cl₂

Ó ka kílórínì, Cl yẹn, ní ìhà méjèèjì. Mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún. Ó pé.

"Kí lo kọ yìí?"

"Bílíìsì àti ásíìdì ló wọlé, sà. Iyọ̀, omi àti gáàsì olóró ló jáde. Gáàsì yẹn ló wà láyà màmá."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Dókítà ò tíì bèèrè orúkọ. Tó bá bèèrè, màá dá a lóhùn."

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Tó o bá jáde, má padà wá."

"Mo ti gbọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́nà."

Alábòójútó sún àga díẹ̀, àyè náà kò ju ti ẹnì kan lọ. Sáyẹ́ǹsì bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó di bébà náà mú ṣinṣin, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì dorí kọ ilé ìwòsàn.