Ìyáálé Òkúta àti Ìyàwó Rẹ̀

Fúnkẹ́, gbé tíì yẹn kalẹ̀ ná, àlá tí mo lá mọ́jú òní kọjá bẹ́ẹ̀!

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí a lọ wò lánàá ní abúlé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni mo tún bá ara mi, èyí tí ìdílé olówó kan kọ́ láyé àtijọ́ láti máa sin òkú wọn sí. Ṣùgbọ́n àgbàlá wa n'Íléṣà ni mò ń rí lójú fèrèsé rẹ̀, aṣọ wà lórí okùn.

O rántí ère òkúta baálé wọn tó nà gbalaja sórí sàréè, tí ère ìyàwó méjì sùn tì í lọ́tùn-ún lósì? Èyí ọ̀tún dìde jókòó! Ó nàka sí èyí òsì: "Ta nìyí?" Yorùbá ló sọ o, Yorùbá tó dán mọ́rán!

Mo ní, "Ìyá mi, ìyàwó yín ni. Ṣé ẹ ò jọ gbélé ni?"

Èyí òsì dáhùn pé, "Wọ́n ti kú kí n tó wọlé ọkọ. A ò ríra rí."

Mo ní, "Ó yá, kúnlẹ̀, kí wọn." Orúnkún òkúta balẹ̀ gbì! Ó ní, "Ẹ kúulé o, ìyáálé mi."

Ìyáálé wò ó títí. "Káàbọ̀. Dìde, jàre. Òtútù ibí pọ̀ jù fún ẹni tó bá dá sùn."

Baálé wọn ńkọ́? Ó la ojú kan, ó rí wọn, ó yára pa á dé, ó ń ṣe bí òkú!

Má bi mí ní ìtumọ̀ o. Wọ bàtà ẹ, ká padà lọ. Mo fẹ́ wo ojú ọkùnrin yẹn!