Ojú Ìwé Tó Kẹ́yìn Ìtàn Aṣàjẹ

"Ẹ lanu díẹ̀, Màmá. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀."

"Ọ̀rẹ́ náà ti bàjẹ́," ìyá fèsì. Ó kọjú sí ògiri, ó pa ètè dé, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ omitoro náà sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé, yàrá kan ṣoṣo táwọn méjèèjì ń gbé náà ló sì ti ń ṣe é, lórí tábìlì tó kángun sí bẹ́ẹ̀dì. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti kan pẹ́ńsùlù. Ológbò kan tó ń jẹ́ Aṣàjẹ ló ń yà. Wọ́n gbé ẹja fún un, ó yínmú. Wọ́n bu wàrà fún un, ó wò ó bí ẹni pé wàrà bú u.

Fóònù dún. Olóòtú ìwé ológbò náà ni, ẹni tó ti gba àwọn àwòrán tó ṣáájú.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro wá ní ọ́fíìsì. Ibo lẹ ti rí bó ṣe ń yíjú yẹn? Ẹ ń sin ológbò ni?"

"Mi ò sin ológbò."

"Ojú ìwé tó kẹ́yìn ló kù o. Ẹ jẹ́ kó jẹun níbẹ̀, kó lá abọ́ tónítóní. Ìtàn ọmọdé kì í fi ebi parí."

Nígbà tó yíjú padà, àwọn àwòrán náà ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ nawọ́ kó gbà wọ́n. Ìyínmú yẹn, ìyíjú yẹn, ẹ̀yìn ọwọ́ tó ń ti abọ́, orí bẹ́ẹ̀dì yìí ló ti kó gbogbo wọn. Àìsàn ìyá rẹ̀ ló fi ń pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rìn-ín.

"Èmi nìyí," ìyá wí.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀..."

"Irunmú yìí nìkan ni kì í ṣe tèmi."

Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n léjìká, ó sì di ikọ́. Ọmọ dì í mú títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ìyá rí bí apẹ̀rẹ̀ òfìfo.

"Báwo ló ṣe máa parí?"

"Wọ́n ní kó jẹun."

"Ṣé ebi ń pa á ni?"

Ọmọ tún mú ṣíbí, ó bu omitoro díẹ̀.

"Ó ti jẹ èyí tó máa jẹ," ìyá wí. "Ìwọ ni o ò jẹ́ kó sinmi."

"Tẹ́ ò bá jẹun, Màmá, ẹ ó..."

"Mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì, ìwọ lo di etí. Mo rọ ẹ́ lóúnjẹ nígbà tó o kéré, ìwọ náà ti rọ mí. Ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ kí ológbò yẹn sùn lórí itan ẹnì kan."

"Itan ta ni?"

"Ti ẹni tí kò mú ṣíbí lọ́wọ́."

Ọmọ gbé abọ́ jáde. Omitoro náà ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó dà á nù. Ó fọ ṣíbí, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Kò padà sídìí tábìlì. Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rọra gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan.