Ìyá Ìsàmì Ọmọ Kẹsàn-án

Fádà ṣí ìwé rẹ̀, ó béèrè ta ni ìyá ìsàmì ọmọ. Ìyá Perlita na ètè síwájú, ó fi tọ́ka sí Perlita, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà.

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. Mo ti fi orúkọ ẹ sílẹ̀ láti Tọ́sìdeè."

Ó fi orúkọ sílẹ̀, kò sì sọ fún un. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Perlita. Láàárọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e lọ sí Cebu, níbi tí wọ́n ti gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Àbúrò méje ló ti bá ìyá rẹ̀ pọ̀n. Nílùú wọn, ọmọbìnrin ilé tó bá ṣe ìyá ìsàmì àbúrò rẹ̀ ti di ìyá ọmọ náà nìyẹn. Kì í wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìwà ọ̀dájú gbáà ni, iwájú pẹpẹ ló sì ti hù ú.

"Màmá, ẹ wá ṣe èyí fún mi?"

"Ta ni kó bá mi tọ́jú wọn? Ìwé tó o kà ló sọ wá di ẹrù lójú ẹ."

Fádà, tí kò fọ ìlédìí rí láyé rẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tí ì lo oṣù mẹ́ta nílùú. "Ọlọ́run ló fún yín lọ́mọ, Perlita, wọn ò lè pọ̀ jù. Ṣé o gbà?"

"Mi ò gbà, Fádà."

Ìyá rẹ̀ figbe ta. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà náà ni Analyn, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn àwọn ọkùnrin méjì tí ẹnikẹ́ni kò bi ní nǹkan kan, jáde síwájú.

"Ẹ gbé e fún mi. Èmi á ṣe é."

Fádà wò ó. "Ṣé o ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún? Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ṣeé ṣe."

"Mo ti pé e."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Òun ló ń gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá wọn ń wo ilẹ̀.

Fádà kọjú sí Perlita. "Ìwọ tó o kàwé, ṣé òótọ́ ló sọ?"

Perlita rántí pé aago mẹ́fà ni ọkọ̀ máa gbéra.

"Òótọ́ ni, Fádà."

Omi kan orí ọmọ náà. Analyn gbé e lé èjìká, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ohùn ìyá wọn gan-an ló sì fi ń rẹ̀ ẹ́. Perlita ń gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì ń dùn pé kì í ṣe òun.