Pèrègún Etí Odò ní Bódìjà

Ọdún méjì ni Fẹ̀hìntọlá, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, fi ń kó ẹgbẹ́ àdúgbò jọ ní Bódìjà láti tọ́jú ilẹ̀ ìjọba kan tó wà létí odò, tó kọjú sí ilé rẹ̀. Wọ́n gbin máńgòrò àti dóńgóyárò síbẹ̀. Ìjọba ló ni ilẹ̀, tiwọn ni ọkọ́ àti òógùn.

Ìdọ̀tí ni ìyọnu ibẹ̀. Ẹ sọ fún ará àdúgbò pé ilẹ̀ ìjọba ni, ẹ ti fún un láyè láti da pàǹtírí síbẹ̀ nìyẹn. Fẹ̀hìntọlá bá gé pèrègún wá láti ilé ìyá rẹ̀, ó gbìn ín yí ilẹ̀ náà ká. Ta ni kò mọ̀ pé pèrègún lójú ààlà, ilẹ̀ ẹbí ni? Àwọn adàdọ̀tí sá. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nípàdé. Bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà.

Lọ́jọ́ tí Ọmọ́bọ́láńlé, òṣìṣẹ́ ìjọba, wá wo ilẹ̀ náà kí ó tó buwọ́ lùwé pé kí ẹgbẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbádérọ̀ dé láti Òjóò. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kò ní ìwé kankan. Pèrègún ló nàka sí.

"Ṣé pèrègún máa ń fúnra ẹ̀ tò báyìí ni, màdáámú? Ààlà bàbá mi rèé."

Ọmọ́bọ́láńlé ní bí ẹbí bá ti ń jà sí ilẹ̀, òun ò lè buwọ́ lu nǹkan kan, àfi kí ilé ẹjọ́ dá a. Ẹjọ́ ilẹ̀ sì lè pẹ́ láyé ju ẹni tó pè é lọ.

Àlàájì Mọ́ṣúdù, alága ẹgbẹ́, mọ ẹni tó gbìn ín. Ó wolẹ̀. Ojú ti Fẹ̀hìntọlá gidigidi.

"Èmi ni mo gbìn ín," ló wí. "Kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ hú ọ̀kan, kí ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀."

Wọ́n hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ ò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Gbádérọ̀ wò ó tì, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́, Mà," Ọmọ́bọ́láńlé wí. "Àmọ́ àmì onílẹ̀ lẹ fi sórí ilẹ̀ ìjọba. A ò lè gbé e fún ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹgbẹ́ kọ́ ló ṣe é. Èmi nìkan ni."

Ọmọ́bọ́láńlé ṣí ìwé tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà. "A jẹ́ pé orúkọ yín ò ní sí nínú ẹgbẹ́ mọ́ nìyẹn, Mà. Ẹ ò sì ní lè bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Fẹ̀hìntọlá gba bírò, ó fagi lé orúkọ ara rẹ̀, èyí tó ṣíwájú gbogbo orúkọ yòókù.

"Ìyá wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," Mọ́ṣúdù wí. Fẹ̀hìntọlá ti ṣe é tán. Ọmọ́bọ́láńlé sì buwọ́ lùwé.

Nígbà tó di Sátidé, ẹgbẹ́ jáde. Fẹ̀hìntọlá jókòó sójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n. Ó dùn ún wọra. Ó rí i pé ọkọ́ wọn ń sún mọ́ ìdí máńgòrò jù, wọ́n á gé gbòǹgbò, àmọ́ kò lẹ́nu àtisọ ọ́ mọ́.