Idà Ẹnu Ìbọn Tí Màmá Fọ̀

Kí ni mò ń wá lára irin tí wọ́n rọ láti fi gún èèyàn? Ìyá Keith ọkọ mi, ẹni tí mò ń pè ní Màmá, ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Èmi tí àyà mi ń já bí Gillian ọmọ mi bá wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré… èmi náà ni mo kó idà ẹnu ìbọn àtijọ́ méje, irú èyí tí sójà ń so mọ́ ẹnu ìbọn, jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé mo tì í? Mo tì í. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́rùn mi. Ọmọ ti ń rákòrò, kò síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé. Jẹ́ n tún un wò — ó wà ní títì.

Ìkẹjọ ni kò sí níbẹ̀. Ìkẹjọ ló nà gbalaja lórí tábìlì yìí, lórí tówẹ̀lì funfun, tó ń dán bíi ṣíbí ìgbéyàwó.

Ó fọ̀ ọ́. Màmá fọ̀ ọ́.

Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà lásán ni mo lọ. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún un, mo sì fi ìwé ìròyìn wé idà, mo gbé e sórí àpótí aṣọ, kí n tó ráyè tì í mọ́ àwọn yòókù. Mo dé, ó ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Beryl, má tíì bọ́ kóòtù. Wá wo nǹkan." Ní báyìí ó wà ní kíṣìnì, ó ń po tíì, ó ń kọrin sí Gillian, ó sì ń dúró de ohun tí màá sọ.

Kí ni màá sọ?

Torí a kì í fọ̀ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí Mísítà Thackray, tó ń ta idà àtijọ́, kọ́ mi nídìí tábìlì rẹ̀ lọ́jà Dewsbury nìyẹn. "Àwọ̀ dúdú yẹn, ọmọ mi, bí àádọ́ta ọdún ló fi wọ̀ ọ́, òun ló níyì lára rẹ̀. Òróró díẹ̀, àkísà rírọ̀, ó parí. Ìyàwó mi fọ ọ̀kan nígbà kan, ó kù díẹ̀ kí n dá a padà fún ìyá ẹ̀." Mo ní èwo ló fẹ́ dá padà, ìyàwó àbí idà? "Idà kì í bá mi jà."

Sọ́ńdè yìí ni ẹgbẹ́ àwa tó ń kó idà àtijọ́ jọ máa pàdé lókè ilé ọtí. Èmi nìkan lobìnrin láàárín wọn, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí wọ́n ní kí n gbé tèmi sórí tábìlì. Àwọ̀ dúdú yẹn ni mo fẹ́ fi yangàn… Wọn ò ní bú mi. Wọ́n á kàn wúkọ́. "Ó… mọ́." Wọ́n á wá máa wo bàtà wọn.

Ṣé kí n sọ fún Màmá pé ó ti bà á jẹ́? Ṣé kí n — òun tó sọ nídìí oúnjẹ Kérésì pé irin ìpànìyàn ò gbọdọ̀ bá ọmọ ọmọ òun gbélé. Òun tó ní kí Keith dá sí i…

Dúró ná.

Obìnrin tí kì í wọ yàrá tí àwọn idà yìí bá wà. Òun ló gbé e sọ̀ kalẹ̀? Òun ló jókòó tì í láti ọ̀sán? Mo gbé e. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ti fi òwú yí igi ìṣáná, ó fi nù ún dé ìsàlẹ̀. Àmì adé kékeré tí wọ́n lù sí i lára, ó hàn kedere. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn èèkù, èyí tó há láti ọjọ́ tí mo ti rà á — ó wọlé, ó jáde. Ta ló kọ́ ọ?

Ẹ̀rín ń bọ̀. Mo fẹ́ dì í mú, kò ṣeé dì. Odidi ọdún kan ni mo fi ń pa wọ́n mọ́ kúrò lójú rẹ̀, òun rèé tó fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́jú ọ̀kan fún mi. Ó ti gbà! Wọ́n lè máa bá wa gbé, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Báyìí náà ni màá ṣe gbé e lọ ní Sọ́ńdè. Kí wọ́n wo bàtà wọn dáadáa. Ìyá ọkọ mi ló fọ̀ ọ́, màá sọ ọ́ sókè.

Ó lẹ́wà, Màmá. Ohun tí màá sọ nìyẹn, mi ò sì ní parọ́.

Gillian ti dàgbà di obìnrin, a sì ti sin Màmá, kí àbúrò Màmá tó sọ fún mi pé nígbà tí bàbá wọn gba ìsinmi wálé láti ojú ogun, tòun tìbọn tòun tìdà, Màmá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó nu idà náà títí ó fi dán, kí ọ̀gá àwọn sójà má baà bá bàbá wí tó bá padà. Kò sì fọwọ́ kan òmíràn mọ́ títí ó fi kan tèmi.