Òkúta Tí Kò Mu Afẹ́fẹ́ Yó

Ẹni tó bá ń kánjú, kó má bá iléru dòwò pọ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Iléru mọ èyí. Ọdún mẹ́jọ ló fi po ìyẹ̀fun irin tí wọ́n ń pè ní ítíríọ́mù àti báríọ́mù pẹ̀lú bàbà, tó ń yan wọ́n títí wọ́n fi di òkúta dúdú kan tí kò ju bọ́tìnnì lọ. Bí òtútù bá mú òkúta náà dáadáa, iná mànàmáná á gba inú rẹ̀ kọjá láìpàdánù kín-ń-kín, irin òòfà á sì léfòó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń tutù nínú iléru, ó gbọ́dọ̀ mu ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí, yó, díẹ̀díẹ̀, odindi ọjọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ó ti ṣèlérí pé orúkọ àbúrò òun ni yóò ṣáájú lórí iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò fi òkúta náà han àwọn àlejò, ó já wọlé.

"Ṣí iléru. Àlejò ti dé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì mu afẹ́fẹ́ yó."

"Ọmọ ọmú ni? Ó ṣáà ti dúdú!"

"Ṣé gbogbo ohun tó dúdú ló jinná?"

Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀mú yọ ọ́.

Níwájú àlejò, wọ́n da náítírójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ, sí i, èéfín funfun bo tábìlì. Irin òòfà jókòó pẹ̀sẹ̀ bí àna tí kò fẹ́ lọ. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi ló pò ó," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kì í fara balẹ̀ ṣiṣẹ́."

Ìyá Iléru gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì gbàdúrà: "Olúwa, má jẹ́ kí ìbínú mi ju iṣẹ́ mi lọ." Ó dá òkúta padà sínú iléru, ó rọra gbé ooru sókè, ó tún fún un ní ọ́síjìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tún da náítírójìn sí i; òòfà léfòó, ó ń yí ranyin.

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ń padà bọ̀ lọ́la!"

"Orúkọ ta lẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí iṣẹ́ náà?"

"Èmi ni wọ́n mọ̀. Má bínú."

Ìyá Iléru dúró kí òkúta lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó da omi gbígbóná láti inú kẹ́tùlù sínú ife. Omi ni ikú òkúta yìí. Àwọn méjèèjì mọ̀. Ó sọ òkúta náà sínú ife. Ìfófòó wínníwínní ń jáde: ọ́síjìn tó mu ló ń bì.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?"

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀. Ẹ yan tiyín."

Ẹnu ọ̀nà ló dé kí ẹkún tó gbọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́jọ tòun náà ló wà nínú ife yẹn.