Ohun Tí Ìyá Ní Kí N Gbà Sílẹ̀

Àwọn tó ń ka ìròyìn máa ń pè é ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Tẹlifíṣọ̀n ni mo mọ̀ ọ́n sí. Àpótí kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni dékódà, ọ̀pá irin orí òrùlé ló sì ń bá a gba àwòrán látinú afẹ́fẹ́. Ọkọ mi ló rà á nígbà tó gbé ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní òun ò fẹ́ kí àárò ilé máa sọ ìyá. Ó so ó tán, ó gun tírélà rẹ̀, ó lọ. Awakọ̀ ni, ojú títì ló ń gbé ju ilé lọ.

Ó ku èmi àti ìyá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ láàárọ̀, wàá jẹun ọ̀sán tán kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló kù: omi, rárá, ó gbóná. Èyí tó ń sọ jù ni "gbà sílẹ̀." Á na ọwọ́ òsì síwájú, síbi tí tẹlifíṣọ̀n wà, á ní, "Gbà... sílẹ̀."

Kò rú mi lójú. Dékódà yẹn máa ń gba ètò sílẹ̀. Wàá ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá tẹ bọ́tìnnì pupa lára rìmóòtù, iná pupa á tàn, ó ti ń gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Ìṣojú ìyá ni ọkọ mi ti kọ́ mi. Ó ní èyíkéyìí tó bá wu màmá, kí wọ́n ṣáà ti ní kí ìyàwó gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá bá ti sọ ọ́, èmi náà á tẹ pupa.

Mo gba ìròyìn sílẹ̀. Mo gba ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀. Mo gba ọkùnrin kan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń sin ẹja sílẹ̀, àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó orí títí oorun fi ń kun ẹni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Nígbà tí fúláàṣì kún, ọkọ mi fi òmíràn tó tóbi ránṣẹ́. Tí mo bá ń fi èyí tí mo ti gbà han ìyá, kì í wò ó. Mo rò pé ojú ló ń dùn ún.

Ìyọnu dékódà yẹn kò kéré. Tó bá ti ń gba nǹkan sílẹ̀, kò ní í jẹ́ kó o lọ sí ìkànnì mìíràn. Ibi tó bá wà náà lẹ máa jókòó sí. O lè sọ aago tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un kó o sì máa lọ, àmọ́ tí iná bá ti ṣẹ́jú báyìí, ó ti gbàgbé aago nìyẹn, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tó o sọ. Èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Èmi ni èèyàn náà.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí ìyá tó dé. Aṣọ ni mò ń lọ̀ níbẹ̀. "Áyọ́ọ̀nù" ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò sọ fún mi bóyá torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni tàbí torí ẹnu mi. Ọ̀gá wa gbà mí láyè kí n lọ tọ́jú aláìsàn, àmọ́ ó ti wá ránṣẹ́ pé tí oṣù bá parí tí òun ò rí mi, òun á fún ẹlòmíràn ní tábìlì mi. Tábìlì yẹn nìkan ni ohun tí mo ní láyé yìí tí kì í ṣe ọkọ mi ló fún mi. Mo bẹ obìnrin tó ń gbé òkè wa pé kó máa wo ìyá fún mi láàárọ̀. Kò lò tó wákàtí kan. Ó ní ìyá ń pariwo "gbà sílẹ̀, gbà sílẹ̀," òun ò sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ó sáré padà sókè bí ẹni tí wọ́n fi omi gbígbóná lé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó. Fèrèsé wà ní títì torí eruku. Èmi lórí àpótí ìjókòó, ìyá nínú àga onítáyà, iná pupa ń wò wá. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń kọjá níta, mo sì máa ń ro ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ nínú wọn.

Oṣù ti ń parí lọ nígbà tí iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Tẹlifíṣọ̀n kú, dékódà kú. Inú mi dùn díẹ̀, mo na ẹsẹ̀. Ni ìyá bá na ọwọ́.

"Gbà... sílẹ̀."

"Ìyá, iná ò sí. Kí ni kí n gbà sílẹ̀? Òkùnkùn?"

"Mí."

"Kí lẹ wí?"

Ó fi ọwọ́ lu àga. Itọ́ ti ń dà ní ètè rẹ̀ kí ó tó rí ọ̀rọ̀ náà kó jọ. "Gbà. Mí. Sílẹ̀."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, pé àgbàlagbà fẹ́ kí wọ́n gba òun náà sílẹ̀ sínú fúláàṣì. Ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, mo wo ibi tí ìka rẹ̀ kọjú sí. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni. Ilẹ̀kùn ni.

Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń bẹ̀ mí kí n tú òun sílẹ̀, tí mo sì ń gba ẹlẹ́ja sílẹ̀ fún un.

Mo bi í pé ibo ló fẹ́ lọ. Ó ní, "Ilé mi." Ilé rẹ̀ ò jìnnà, àdúgbò kejì sí tiwa ni, ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká. Ara mi yá gágá. Tí ìyá bá padà sílé rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á máa wò ó lọ́sàn-án, èmi á máa wò ó lálẹ́, tábìlì mi á sì tún di tèmi. Mo pe ọkọ mi, mo ní kó máa bọ̀.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, ó tan tẹlifíṣọ̀n fún ìyá, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀. Pé ẹni tó bá tọ́jú òbí, ìbùkún ń bẹ níwájú fún un. Pé ìyàwó bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Tí èèyàn bá ti ń pọ́n mi lé báyìí, mo máa ń wá ohun tó ń fi pa mọ́. Mo ní kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé ìyá.

Ó wo ilẹ̀. "Èèyàn wà nínú ẹ̀."

"Èèyàn wo?"

"Ayálégbé. Wọ́n lọ́mọ kékeré, mi ò lè lé wọn síta."

"Ṣé o bi ìyá kó o tó kó wọn wọlé?"

"Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ ni?"

Iwájú ìyá ló ti sọ ọ́. Etí ìyá ò sì ṣàìsàn. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, ó ní, "Pa á."

Ọkọ mi sáré gbé rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò mọ̀ bóyá tẹlifíṣọ̀n ló ní lọ́kàn.

Ilé ò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni tábìlì mi ń lọ. Mo wo èmi àti ìyá, mo rí i pé ẹnì kan náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì, kò sì mọ̀ pé òun tì í. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá bá sì fẹ́, á bá mi lọ.

Ó ní ṣé orí mi pé. Aláìsàn, nínú ooru ilé ìfọṣọ? Kí làwọn ará àdúgbò máa sọ?

"Wọ́n á sọ pé mò ń ti ìyá ọkọ mi kiri. Wọn ò sì purọ́." Mo yíjú sí ìyá. "Ìyá, ṣé ẹ máa lọ?"

"Lọ," ó wí, ó ti ń fi ẹsẹ̀ òsì wá bàtà.

Ọ̀nà ò dán. Ní ẹnu gọ́tà, mo ní láti bẹ ọkùnrin méjì kí wọ́n bá mi gbé àga náà sọdá, òógùn sì ti bò mí kí a tó dé. Ọ̀gá wa wo àga, ó wò mí, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Oṣù ti parí, ó sì ti fún ẹlòmíràn ní tábìlì mi tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Èyí tó kù wà lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń se omi, ooru ibẹ̀ ń bó èèyàn lára. Mo ní mo gbà á.

Mo gbé ìyá sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn wà. Àwọn tó ń mú aṣọ wá ń kí i bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń mi orí sí wọn. Láti ìdí áyọ́ọ̀nù mi, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún tẹ̀ lé ẹni tó bá kọjá. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yàrá kan náà la ṣì máa padà sí. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó kàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn rẹ̀.